Ọkọ̀ Tó Wà Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Òkun

Ewúrẹ́ funfun kan ń rìn bọ̀ lórí omi. Ó ń tẹ ìgbì mọ́lẹ̀ bí ẹni ń rìn nínú pápá, ó dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì gba àárín ọ̀pó irin méjèèjì Ilẹ̀kùn Òkun wọ inú ìlú lọ. Mojírọ́lá wò ó títí ó fi pòórá. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó mọ̀ pé kò sí ewúrẹ́ níbẹ̀. Lánàá, ajá ni. Níjẹta, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ti kú ni, ó jókòó sórí omi, ó ń ṣa ẹ̀fọ́.

Ó ṣẹ́jú. Ìpéǹpéjú rẹ̀ wúwo, kò sì tètè là á padà, ni alákàn, ẹ̀rọ kékeré tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn etí rẹ̀, bá ta á bí àkekèé. Oògùn tútù sáré gba ọrùn rẹ̀ gòkè, ojú rẹ̀ là gbàgà, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Nílùú Ojúmọ́, tọmọdé tàgbà ló ní alákàn létí, torí ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ilé Ìṣọ́, tó ń gbọ́ ohùn gbogbo alákàn ìlú, kọ ọ́ sára ògiri yàrá iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà pupa: ÒKUN KÌ Í SÙN, ÀWA NÁÀ KÒ SÙN.

Òun ni olùtọ́jú ilẹ̀kùn. Yàrá onígíláàsì tó wà lórí odi ni ibi iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ irin kan sì wà níwájú rẹ̀ tó ń pa ilẹ̀kùn ńlá méjì tó dínà omi dé. Bí omi bá gun ọ̀pó tó kan ìlà pupa, kò gbọ́dọ̀ jáfara. Bí ó bá jáfara, Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀ ni omi ń lọ tààrà, níbi tí ilé rẹ̀ wà, níbi tí Ayọ̀mípọ̀ ọmọ rẹ̀ ti ń lọ sílé ìwé.

Ó ti jáfara rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó rí ọkọ̀ ojú omi kan lẹ́nu ilẹ̀kùn, èrò kún inú rẹ̀, wọ́n ń juwọ́ sí i. Ó dúró dè wọ́n kí wọ́n wọlé. Kò sí ọkọ̀ kankan. Omi ya wọ Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀, ó gbé tọkọtaya arúgbó kan lọ nínú ilé wọn. Láti ọjọ́ náà ni Mojírọ́lá ti pinnu pé ohun tí ojú òun bá ń fi han òun lórí omi, òun kò ní gbà á gbọ́ mọ́.

Ọmọrí irin tó wà nílẹ̀ yàrá náà ṣí, Láoyè sì gòkè wá láti yàrá pọ́ǹpù. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni, òun ló sì kọ́ Mojírọ́lá níṣẹ́ ilẹ̀kùn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

"Mojí," ó ní. "Ṣé dáadáa lo jí?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì bí àwo tó fọ́. Kò sẹ́ni tó ń kíni báyìí mọ́ nílùú Ojúmọ́. Ẹ kú ìṣọ́ ni wọ́n ń kí. Mojírọ́lá yíjú sí i. Ó rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì: ojú ẹní ti tẹ̀ ẹ́ ní ilà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó wo ẹ̀yìn etí rẹ̀. Ibi tí alákàn máa ń wà ń dán, ó ń rùn bí àdí.

"Ẹ ti sùn," ni Mojírọ́lá wí.

Láoyè kò sẹ́. "Mo sùn. Lábẹ́ irin níbẹ̀, Ilé Ìṣọ́ kì í gbọ́ ohùn alákàn, wọ́n á rò pé pọ́ǹpù ni mò ń tún ṣe. Àdí ni mo fi ń yọ ọ́. Ó ti tó oṣù méjì báyìí."

"Bọ̀dá Láoyè." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ gan-an. "Ìsinmi wà. Àga ìtura wà ní gbogbo ibi iṣẹ́. Lójoojúmọ́ là ń jókòó lé e, ó ń tẹ ẹsẹ̀ fún wa, ó ń tẹ ẹ̀yìn fún wa. Ara ò ro mí. Kí lẹ tún ń wá?"

"Ara ò ro ọ́. Orí ńkọ́?"

Mojírọ́lá fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí rẹ̀.

"Ìsinmi yàtọ̀ sí oorun," ni Láoyè wí. "Ẹni tó jókòó sáàárín ọjà, tó ní òun ń sinmi, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń ná ọjà náà lọ. Wọ́n ń da èèpo sílẹ̀, wọ́n ń da omi ẹja sílẹ̀. Ìgbà tí ọjà bá tú, tí kálukú ti gba ilé lọ, ni agbálẹ̀ tó lè wọlé. Bí orí ṣe rí nìyẹn. Ìdọ̀tí tí ìrònú ọjọ́ kan ń dà sínú ọpọlọ, ìgbà tí a bá sùn ni omi ara ń ṣàn gbà á kọjá, tó ń wẹ̀ ẹ́ kúrò. Ojú lílà lásán kò jẹ́ kó ráyè ṣe é, ìbáà jẹ́ orí àga wúrà la jókòó sí. Ọjà tiwa kò tíì tú láti ìgbà tí wọ́n ti lẹ nǹkan yìí mọ́ wa létí. Kí lo rò pé ó ti kún ibẹ̀?"

"Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ ọjà."

Láoyè na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí i. "Ibi tí ooru pọ́ǹpù ti bó mi lẹ́ẹ̀rùn nìyí. O mọ̀ pé kò fẹ́ jiná. Gbogbo oògùn ni wọ́n fi sí i. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sùn, ó san." Awọ tuntun ló bo ojú ọgbẹ́ náà, ó pupa, ó ń dán. "Ayọ̀mípọ̀ ńkọ́? Aṣọ ilé ìwé wo ló ń wọ̀?"

Mojírọ́lá yíjú kúrò. Aṣọ tí ó rán fún ọmọ náà nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje ló ṣì ń wọ̀, ó sì ti pé ọdún mẹ́wàá. Etí aṣọ náà kò sún sókè, apá rẹ̀ kò kúrú. Kò sí ọmọ kan ní kíláàsì rẹ̀ tí aṣọ rẹ̀ há mọ́ lára. Nígbà àkọ́kọ́, inú àwọn òbí ń dùn pé aṣọ kì í gbó lára ọmọ.

"Inú oorun ni ọmọ ti ń ga," ni Láoyè wí.

Mojírọ́lá gbọ́ ọ, ó sì dùn ún dénú egungun. Ṣùgbọ́n ohun tó ń rò kọjá ìyẹn. Ẹni tó bá rí ẹni tó sùn tí kò sọ, ìdílé rẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ sẹ́yìn odi, síbi tí òkun ti ń lọ tó ń bọ̀ bó ti wù ú. Ó ti rí àwọn tí wọ́n kó lọ. Àti pé ta ló mọ ohun tí oorun ń sọ èèyàn dà? Láti ìgbà tí wọ́n ti lẹ alákàn mọ́ wọn létí ni wọ́n ti ń kọ́ wọn pé ẹni tó sùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òkú, bí ó bá sì jí, kì í padà bọ̀ tán.

"Pọ́ǹpù kejì ń dún lọ́nà tí kò yé mi," ó ní. "Ẹ bá mi sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó."

Kò sí ohun tó ṣe pọ́ǹpù kejì. Láoyè wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ìgbà tí bàbá ń wo ọmọ tó ń purọ́ níwájú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó tẹrí ba, ó sọ̀kalẹ̀. Mojírọ́lá ti ọmọrí irin náà, ó tẹ nọ́ńbà, ìdè irin sì wọlé. Ó ń retí kí ó kígbe. Kò kígbe.

Ó gbé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ sẹ́nu.

"Ilé Ìṣọ́, ẹ kú ìṣọ́," ni ohùn kan dáhùn.

"Ilẹ̀kùn Òkun nìyí. Mo ti ti ẹni tó sùn kan mọ́lẹ̀ níbí."

"Orúkọ rẹ̀?"

Mojírọ́lá la ẹnu. Orúkọ náà kò jáde. Ó wá a lọ, ó wá a bọ̀. Ó rí ojú ọkùnrin náà, ó rí ọwọ́ rẹ̀ tó mú ọwọ́ tirẹ̀ lórí ọwọ́ irin ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó débi iṣẹ́, ó rántí pé ìyàwó rẹ̀ ló gbé Ayọ̀mípọ̀ pọ̀n ní ọjọ́ ìkómọ. Orúkọ náà kò sí níbẹ̀. Ibi tó yẹ kí ó wà ṣófo bí ihò eyín.

"Mà? Orúkọ rẹ̀?"

"Láoyè," ó ní nígbẹ̀yìn, òógùn sì bo iwájú orí rẹ̀. "Láoyè ni."

"Olùṣọ́ ń bọ̀."

Kò tíì gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀ tán tí fèrè odi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Omi ń gòkè, ó sì ń yára ju bí wọ́n ti sọ lọ. Atẹ́gùn ti bẹ̀rẹ̀ lókè òkun, ìgbì ń wó lu ìdí ọ̀pó, ìfòfò rẹ̀ sì ń ta sí gíláàsì. Mojírọ́lá dìde dúró, ó di ọwọ́ irin mú.

Ìgbà náà ló rí ọkọ̀.

Ọkọ̀ onígi ni, ó gùn, tápólì aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n fi bo ẹrù inú rẹ̀. Èrò wà nínú rẹ̀. Ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn gan-an, ìgbì ń gbé e sókè, ó ń jù ú sísàlẹ̀. Àwọn èrò náà ń juwọ́.

Mojírọ́lá di ọwọ́ irin mú ṣinṣin. Ó pa ojú dé díẹ̀, kí alákàn tó ta á ó ti là á. Ọkọ̀ náà ṣì wà. Ó wo ẹ̀gbẹ́ kan, ó tún yíjú padà. Ó ṣì wà. Ṣùgbọ́n ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà kò kúrò títí omi fi wọlé. Ó fun fèrè sí wọn, obìnrin kan nínú wọn sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà gbé ọwọ́ sókè. Ó pè wọ́n lórí ẹ̀rọ. Ariwo ṣììì nìkan ló gbọ́. Ẹ̀rọ tó yẹ kí ó máa ka ohun tó bá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ti bàjẹ́ láti ìgbà òjò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn atúnẹ̀rọṣe ti wá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì gbàgbé ohun tí wọ́n wá ṣe.

"Ilẹ̀kùn Òkun," ni ohùn Ilé Ìṣọ́ wí. "Omi ti kan ìlà pupa. Ẹ tì í."

"Mo rí ọkọ̀ kan."

Ohùn náà bi í pé, "Bí i ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá?"

Mojírọ́lá tún wo ọkọ̀ náà.

"Ẹ tì í, mà."

Ó rí ilé ìwé Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀ lójú ọkàn, àwọn ọmọ kéékèèké tí kò ga mọ́ tí wọ́n jókòó lẹ́sẹẹsẹ, ojú wọn là. Ó fa ọwọ́ irin. Ilẹ̀kùn méjèèjì kùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ bá ara wọn. Nínú ọkọ̀ náà, ọkùnrin kan dìde, ó fi àjẹ̀ ti etí ilẹ̀kùn bí ẹni ń ti màlúù kúrò lọ́nà. Àjẹ̀ náà tẹ̀. Ó dá.

Mojírọ́lá dá ọwọ́ irin dúró. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, òun ń fi irin tẹ èèyàn pa. Bí kò bá jẹ́ òótọ́, òun ń ṣí ọ̀nà fún omi láti lọ bá ọmọ òun. Ojú tí yóò fi mọ̀ ọ́n kò sí lórí òun mọ́. Nínú gbogbo ìlú Ojúmọ́, kò mọ ẹnì kan tó ní irú ojú bẹ́ẹ̀, àfi ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tì mọ́lẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọrí irin. Ó tẹ nọ́ńbà, kò ṣí. Ó tún un tẹ̀, kò ṣí. Nọ́ńbà tó ń tẹ̀ lójoojúmọ́ ti ń yọ́ nínú orí rẹ̀ bí iyọ̀. Ó wo ìka rẹ̀, kò ronú mọ́, ó jẹ́ kí ìka náà ṣe bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Irin náà fà sẹ́yìn.

Láoyè jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wo òkè.

"Ẹ gòkè wá," ni Mojírọ́lá wí. "Ẹ wo ẹnu ilẹ̀kùn. Mi ò ní sọ ohun tí mo rí. Ẹ sọ tiyín."

Ọkùnrin náà dé ibi gíláàsì, ó wò. Kò yára. "Ọkọ̀ onígi kan. Tápólì aláwọ̀ ìyeyè. Ẹ̀rọ rẹ̀ ti kú, wọ́n ń fi àjẹ̀ wà á, ọ̀kan sì ti dá. Nǹkan bí èèyàn méjìlá, mẹ́tàlá." Ó yíjú sí i. "Ìwọ náà rí i?"

"Ó wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Mojí."

Mojírọ́lá na ìka sí ọwọ́ irin. "Ẹ wá di ọwọ́ irin mú. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi."

"Rárá. Awọ ọwọ́ mi kò tíì le tó láti fa irin yẹn. Ìwọ fà á. Èmi á máa sọ fún ọ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Mojírọ́lá kò wo òkun mọ́. Ó tẹjú mọ́ ara ògiri, ó sì fi etí sí ohùn ọkùnrin náà. Ṣí i díẹ̀ sí i, ni ohùn náà wí. Díẹ̀ sí i. Dúró. Ìgbì ń bọ̀, ìgbì ńlá ni, jẹ́ kí ó gbé wọn. Ohùn Ilé Ìṣọ́ ń pariwo nínú ẹ̀rọ, Mojírọ́lá kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Iwájú ọkọ̀ ti wọlé. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀pó. Má fà á. Má tíì fà á. Ìdí rẹ̀ ló kù. Omi tó ń rọ́ wọlé ń dún bí ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ tó ń sáré.

"Ó ti wọlé. Tì í."

Ó fà á pẹ̀lú gbogbo agbára ara rẹ̀. Ilẹ̀kùn pàdé, odi náà sì mì láti ìdí dé orí. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́.

Láoyè ń wo apá ibi tí ìlú wà. "Omi dé òpópónà Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀. Kò ju orúnkún lọ. Ó ti dúró." Ó mí kanlẹ̀. "Mo rí àwọn ọmọ ilé ìwé lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n ń pariwo sí omi."

Mojírọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Èmi ni mo fi yín sun Ilé Ìṣọ́."

"Mo gbọ́ ohùn rẹ láti ìsàlẹ̀."

"Ẹ sì tún sọ òótọ́ fún mi."

"Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kò bá mi jà," ni Láoyè wí.

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Ọ̀dọ́kùnrin kan wọlé, aṣọ eérú ni ó wọ̀, àmì Ilé Ìṣọ́ wà ní àyà rẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì wà ní ìbàdí. Orúkọ tí wọ́n kọ sí àyà rẹ̀ ni Ṣówándé. Ó rí Láoyè tó dúró létí gíláàsì, ó rí ọmọrí irin tó ṣí sílẹ̀, ó rí etí tí kò ní alákàn.

"Ẹ kú ìṣọ́, mà. Ẹ ní ẹ ti tì í mọ́lẹ̀."

"Mo ṣí i fún wọn," ni Mojírọ́lá wí. Ó dìde. Kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ òun yóò gbé òun, ṣùgbọ́n ó dìde. "Bí ẹ bá máa mú wọn, ẹ mú èmi náà."

Ṣówándé yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, ó dúró. Nísàlẹ̀, lórí èbúté tó wà nínú odi, àwọn èrò ọkọ̀ ń jáde sí orí ilẹ̀ gbígbẹ. Obìnrin kan ń fún ìró rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà wò wọ́n títí, irin náà ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ìka rẹ̀, kò sì mọ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, Láoyè ni ó bá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ọmọdé lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Ṣé èèyàn ni àwọn yẹn?"

Láoyè tún wo èbúté.

"Èèyàn ni wọ́n," ni Láoyè dáhùn. "Gbogbo wọn."

Ṣówándé fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Lóṣù tó kọjá, mo mú ọkùnrin kan tó sùn. Mo mú un dé ẹ̀yìn odi. Nígbà tí mo délé, wọ́n ní èmi nìkan ni mo jáde, èmi nìkan ni mo padà." Ó gbé ojú sókè. "Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan. Mo sọ fún ara mi pé ìsinmi ni mo nílò. Mo fi odidi ọjọ́ kan jókòó sórí àga ìtura. Nígbà tí mo dìde, ọkùnrin náà dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi."

"Ẹsẹ̀ rẹ fúyẹ́, àbí?" ni Láoyè bi í.

"Ẹsẹ̀ mi fúyẹ́ gan-an, sà."

Mojírọ́lá ń wò wọ́n, ó sì yé e pé ìbẹ̀rù tí òun ti ń gbé kiri láìsọ, gbogbo ìlú ló ń gbé e kiri. Àwọn tó ń pàṣẹ fún un nínú ẹ̀rọ náà ń rí tiwọn. Ó bi Láoyè pé, "Ìgbà wo ni omi yóò tún gòkè?"

"Ó di ọ̀la."

"Ta ni yóò máa wo òkun?"

"Èmi rèé. Ojú mi mọ́."

Ṣówándé gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì ní òun yóò jókòó sẹ́nu àtẹ̀gùn, torí bí ẹnikẹ́ni bá wá, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ bá. Mojírọ́lá tẹ̀ lé Láoyè sọ̀kalẹ̀ sínú yàrá pọ́ǹpù. Ẹní kan tí wọ́n ká wà lẹ́yìn páìpù. Láoyè tẹ́ ẹ, ó bu àdí sí ìka, ó fi ra ẹ̀yìn etí rẹ̀. Alákàn náà fẹ́ ta á, ó jà, ó sì yọ. Atẹ́gùn kan ibẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún pípẹ́.

Ó dùbúlẹ̀. "Kí lèèyàn ń ṣe kó tó sùn?"

"Èèyàn kì í ṣe nǹkan kan. A máa ń jọ̀wọ́ ara wa ni."

"Bí mi ò bá padà ńkọ́?"

"Èmi á jí ọ."

Láoyè padà sókè. Pọ́ǹpù ń lù tìì-tìì lábẹ́ ilẹ̀. Mojírọ́lá pa ojú dé, ó ń retí kí nǹkan ta á. Nǹkan kan kò ta á. Òkùnkùn tó wà lẹ́yìn ìpéǹpéjú rẹ̀ gbòòrò ju bó ti rántí lọ, ó sì gbóná. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí òun yóò ti gbé Ayọ̀mípọ̀ wá síbí, bí òun yóò ti bá bàbá ọmọ náà sọ ọ́, irú ẹní tí yóò gba ọmọ náà, àti bóyá ẹní náà kò ní kúrú jù bó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ga, àti, àti.

Láti òkè, ó gbọ́ tí Ilé Ìṣọ́ ń béèrè nínú ẹ̀rọ pé níbo ni olùtọ́jú ilẹ̀kùn wà, kí ló dé tí wọn kò gbọ́ ohùn alákàn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn Ṣówándé dáhùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ dí ẹlòmíràn lọ́wọ́.

"Ó wà lẹ́nu iṣẹ́."